Ẹni Tó Bá Pe Ọlọ́kọ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò pọ̀ kẹ́yìn, ó gbé ife ògì gbígbóná lé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, mo sì bá a wí. Ó ní, "Má bínú, ọ̀gá ilé ìwé," ó gbé e kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín. Àmì róbótó tí ìdí ife náà fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. N kò nù ún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí ní ọ̀sán ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, tí kọ̀ǹpútà wà níwájú mi, tí mo gbọ́ ohùn ẹnìkan láti etí ọ̀sà, ohùn gígùn kan ṣoṣo, ti ẹni tó ń pe ọkọ̀. Ọwọ́ mi dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọjá omi Àgbádárìgì lónìí, ẹ ò ní mọ bí a ṣe ń pe ọkọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ará Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá mi wá sí agbègbè Ìkògà, a sì ń gbé ní agbo ilé àwọn Ẹ̀gùn apẹja kan, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti máa ń wọ aṣọ ilé ìwé wa títí dé inú àpò. Omi ló wà láàárín wa àti ilé ìwé. Ní òdìkejì, lábẹ́ igi àgbọn, ni ọlọ́kọ̀ máa ń jókòó sí, àgbàlagbà tínrín kan tí gbogbo wa ń pè ní Dàá, bí àwọn Ẹ̀gùn ṣe ń pe baba tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Kò sí agogo, kò sí fèrè. Wàá dúró sí etí omi, wàá pè é lẹ́ẹ̀kan, ní ohùn gígùn, wàá sì dákẹ́. Dàá kì í dáhùn. Kì í juwọ́. Ó ní èémí tí òun ì bá fi dáhùn, òun máa fi ti ọ̀pá ọkọ̀ ni. Àmọ́ bí o bá ní sùúrù, bó pẹ́ bó yá, wàá rí imú ọkọ̀ tó ń la àárín ojúoró bọ̀.

Ẹni tó bá pè é lẹ́ẹ̀mejì ti pè é ní adití nìyẹn. Dàá á padà jókòó, ó di ìgbà tí àgbàlagbà kan bá wá bẹ̀ ẹ́.

Ta ló sọ fún mi? Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é, mo fi "ẹ jọ̀ọ́ sà" kún un bí ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn tó dúró sáré fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Ó ti gbọ́ ẹ," ó wí, Yorùbá rẹ̀ ń dún bí Ẹ̀gùn. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n nà wá ni?"

Ìpè kejì ti bọ́ lẹ́nu mi. A rí Dàá tó ti dìde, tó tún rọra jókòó. Gbogbo wa la pẹ́ dé ilé ìwé, gbogbo wa la jẹ ẹgba. Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, àfi ọmọbìnrin yẹn tó bi mí bóyá gbogbo ará Ọ̀yọ́ ni kò ní sùúrù, àbí èmi nìkan. Sènámì ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a dàgbà, òun ni mo fẹ́.

Mo ṣe olùkọ́ títí mo fi di ọ̀gá ilé ìwé, mo sì fẹ̀yìn tì. Sènámì ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ibẹ̀ ló ti mọ kọ̀ǹpútà dunjú. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ilé wa kó kòkòrò fáírọ́ọ̀sì, òun ló yọ ètò tó ń darí rẹ̀ kúrò, tó fi Línúùsì rọ́pò rẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé para pọ̀ kọ, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Mo fẹ́ràn èrò yẹn. Nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni n kò lè bá gbé. Bí iná bá lọ tó sì dé, kọ̀ǹpútà á ti yadi, orin kankan kò ní dún mọ́. Orúkọ àwọn ohun inú rẹ̀ kò jọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nígbà kan mo bèèrè ìrànlọ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹnìkan sì dá mi lóhùn pé kí n kọ́kọ́ lọ ka ìwé ìlò rẹ̀ ná. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Sènámì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Èyí tó le jù ni fèrèsé dúdú. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ náà, àfi kí a ṣí fèrèsé dúdú kan, kí a kọ àṣẹ sí i, yóò sì ní kí a tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, ọ̀rọ̀ àṣírí tí onílé nìkan mọ̀. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ò sì ní rí ohunkóhun: kò sí lẹ́tà, kò sí àmì bíńtín. Èmi á rò pé kò gbọ́. N óò tún un tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, yóò sì ní irọ́ ni. Sènámì á na ọwọ́ láti ẹ̀yìn mi, á ní, "Ó ti gbọ́ ẹ." Bí àlejò bá wà nílé, á yí i sí "Ó ti gbọ́ yín, Bàbá Tọ́lá," èmi á sì dìde fún un bí ẹni tó níṣẹ́ pàtàkì ní yàrá kejì. Ojú máa ń tì mí pé wọ́n á rí i pé n kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Lẹ́yìn tí a sin ín, n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Àdúrà ìrántí rẹ̀ wá ku ọ̀la, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ láti Kankon pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn, kò sì sí àwòrán rẹ̀ lórí tábìlì. Èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn, tó ti jókòó sí etí ọkọ̀, tó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn, inú kọ̀ǹpútà nìkan ló wà. Kọ̀ǹpútà kò sì dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ̀ mọ́. Mo gbìyànjú títí, fèrèsé dúdú ní irọ́ ni, irọ́ ni. Mo pe Tọ́lá, ọmọ wa obìnrin, ní Abẹ́òkúta.

"Dádì, ẹ gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì jàre, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fún yín."

"Mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Dádì, Mọ́mì ló mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo pa fóònù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀wé ní ẹnu ọ̀nà yẹn, èmi ni mo kọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n Sènámì náà yóò bi mí ta ló tẹ àwòrán, nítorí irú ìbéèrè tó máa ń bèèrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtìjú tó mú mi jókòó síbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan fi sùúrù sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi láti etí omi títí a fi hu ewú, kò sì wọ̀ mí létí.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn ẹni tó ń pe ọkọ̀.

Igi àgbọn Dàá ti bá omi lọ, òun náà ti kú tipẹ́. Ohun gbogbo ló ń dáhùn kíákíá nísinsìnyí. Ẹlẹ́ńjìnnì á fọn fèrè kí o tó pè é tán, àwọn ọmọ wa sì ń bínú bí fóònù kò bá fi hàn wọ́n lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí ti kà á. Mo ń retí kí ẹni etí ọ̀sà tún pè. Kò pè.

Mo ṣí fèrèsé dúdú. Mo tẹ bọ́tìnì ọlọ́fà tó kọjú sókè, bí Sènámì ṣe kọ́ mi, nítorí ẹ̀rọ náà kì í gbàgbé àṣẹ tí a ti kọ rí, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí mo fi kan èyí tí Sènámì fi ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó bèèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé. Mo tẹ̀ ẹ́. N kò rí ohunkóhun. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, mo fi lé itan, mo sì dúró.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, pẹ̀lú àmì ife lórí rẹ̀. Mo ní kó tẹ àwòrán náà, n kò sì tún un sọ. Ìwé ń yọ díẹ̀díẹ̀, ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó fi ṣíji bo ojú.