Mọ́tò Tí Kò Gbọdọ̀ Kú

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù láyé yìí kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe ìjì líle tó máa ń jà ní Houston lọ́dọọdún. Ohùn mọ́tò tí kò fẹ́ jí ni. Ẹ mọ ohùn náà: ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́, yóò kérora díẹ̀, yóò sì dákẹ́. Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, pẹ̀lú àkọ́bí mi lórí itan mi. Ọmọ náà ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, egungun sì ti ń ro ó láti ìdájí. Ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́ títí. Àwọn aládùúgbò bá wa ti mọ́tò dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà, kò jí. Nígbà tí a ó fi rí takisí, ó ti pẹ́ jù. Mi ò ní sọ ju báyìí lọ nípa rẹ̀.

Amẹ́ríkà níbí ni mo bí èkejì sí, obìnrin, àìsàn kan náà ló bá wáyé. Dókítà wà, oògùn wà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n apartment wa ní Fondren Southwest jìnnà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ọkọ mi sì ń wa tírélà, ó lè pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó wálé. Èmi, ọmọ àti mọ́tò la jọ ń gbélé. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mọ́tò ni mi ò fọkàn tán.

Nígbà tí èyí tí a ní tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora láàárọ̀, n kò lè sùn dáadáa mọ́. Mo ń bi gbogbo ẹni tí mo bá pàdé pé irú mọ́tò wo ni kì í kú. Àwọn ọkùnrin ìjọ wa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe iyàn lẹ́yìn ìsìn, kálukú ń yin tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí pé èmi ni mo béèrè. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n ra èyí tó ń lo iná mànàmáná. Mo wò ó títí ó fi yí ojú kúrò.

Bàbá kan, ará Íńdíà, ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Takisí ló wà jẹun ní Kolkata kí ọmọ rẹ̀ tó mú un wá síbí, ó sì mọ inú mọ́tò bí mo ṣe mọ inú ìkòkò mi. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé àga síta, yóò máa mu tíì, yóò máa wo mọ́tò àwọn èèyàn bí wọ́n ti ń wọlé, bí ìyá àgbà tó ń wo ọmọ aráyé kọjá. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ àti tèmi kò jọra, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ara wa yé. Bàbá ni mò ń pè é, ó sì ń pè mí ní ọmọ òun. Mo lọ bá a níbi tíì rẹ̀, mo bi í ní ìbéèrè mi.

Ó ní kí n jókòó. Ó ní ní ilẹ̀ àwọn, èyí tó pẹ́ jù láyé ni Ambassador, mọ́tò olórí rìbìtì kan báyìí. Èyí tí òun fi ṣe takisí, ọ̀gá òun ti wà á kí òun tó wà á, bàbá ọ̀gá òun ló sì rà á. Kì í ṣe pé kì í bàjẹ́ o. Ó ń bàjẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí abẹ́ igi kan tí ẹ ò ti ní rí ẹni tí yóò fi òòlù àti wáyà tún un ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Maruti kékeré, tó rí bíi páálí bàtà, tí ọkọ, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà máa ń há ara wọn sí, tí yóò sì gbé gbogbo wọn gun òkè. Bolero ni tàwọn ará abúlé, torí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín títì àti oko. Tó bá di tàwọn tó ń kó èrò láti ìlú dé ìlú, Innova ni wọ́n fi ń búra. Wọ́n á wà á títí àga inú rẹ̀ á fi ya, ẹ́ńjìnnì ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń fi ọwọ́ júwe bí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣí.

Mo ní, “Bàbá, èwo ni kì í kú nínú wọn?”

Ó ní, “Kò sí. Àmọ́ mọ́tò kì í ṣàdédé kú, ọmọ mi. Ó máa ń sọ ṣáájú. Ẹni tí kò gbọ́ ló máa ń ní ó ṣàdédé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Kí ló mọ̀ nípa ohun tí mo gbọ́ àti ohun tí n kò gbọ́? Mo dìde, mo ní mo gbé ọbẹ̀ kaná.

Síbẹ̀, òun ló bá mi dé ìlú Humble nígbà tí mo rí mọ́tò kan tí wọ́n fẹ́ tà, mọ́tò Japan tó ti dàgbà díẹ̀. Ó gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n jí i, kí n pa á, kí n tún jí i. Ó gbóòórùn òpó èéfín. Lẹ́yìn náà ó ní ẹ̀gbọ́n Innova gan-an nìyí, kí n rà á, kí n ṣáà máa wà á lójoojúmọ́, nítorí bátìrì rẹ̀ ti gbó díẹ̀, kò sì fẹ́ràn ìjókòó.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, a ya mọ́tò náà sí mímọ́ bí a ti ń ṣe é ní ìjọ wa. Ìyá Wòlíì wa gbàdúrà yí i ká, wọ́n da òróró sí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, wọ́n da díẹ̀ sí ara táyà kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo bọ́ síta tí mo rí ẹsẹ̀ bàbá ìsàlẹ̀ lábẹ́ mọ́tò mi. Ó ti tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé fún un pé òróró àdúrà ni. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bi mí bóyá nítorí ọmọ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó dára, àwọn náà máa ń ṣe é. Èmi ò bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo fẹ́ gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn kí n tó rí nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó wà lábẹ́ táyà iwájú. Mo bẹ̀rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni, tútù, ẹnì kan ló fi há ibẹ̀. Mo gbójú sókè díẹ̀, mo rí i lábẹ́ imú mọ́tò: òwú dúdú, ọsàn wẹ́wẹ́ mìíràn, àti ata tútù tí wọ́n sín pọ̀ mọ́ ọn. Mo ka ata náà. Méje ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Yorùbá wo ló máa rí òwú dúdú, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata méje nídìí mọ́tò rẹ̀ tí yóò rò pé ẹ̀bùn ni? Ara mi bù máṣọ. Mo fa ọmọ lọ́wọ́, a sáré gun àtẹ̀gùn padà, mi ò wẹ̀yìn.

Mo pe ìyá ọkọ mi ní Nàìjíríà.

Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ṣé o fọwọ́ kàn án?”

“Rárá, Mà.”

“Má touch ẹ̀ o. Má sì wọ mọ́tò yẹn. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ọmọ yẹn ò lè ṣe kó má wọ̀ ọ́.”

Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni wọ́n sọ. Mo pe Ìyá Wòlíì. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í dẹ́rù ba èèyàn lásán. Wọ́n ní, “Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sunday, lẹ́yìn service, a máa gbé omi àdúrà wá, a máa tú u. Ẹ má gbé ọmọ yẹn sínú ẹ̀ before then.”

Mo sọ fún ọmọ mi pé a ò ní wọ mọ́tò títí di Sọ́ńdè. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní kó má bi mí. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi jókòó sẹ́nu fèrèsé, mò ń ro gbogbo ẹni tó ti wọ ilé wa rí, tó ti jẹun mi, tó ti gbé ọmọ mi mọ́ra. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Mo fura sí obìnrin tó ń gbé lókè wa torí ó wo mọ́tò náà pẹ́ nígbà tí mo rà á. Mo fura sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ó mà dáa jù. Nígbà tí bàbá ìsàlẹ̀ pàdé mi lórí àtẹ̀gùn tó bi mí ìdí tí mọ́tò kò fi jáde mọ́, mo fura sí òun náà. Kí ló kàn án? Mo ní ó ń sinmi. Ó mi orí, kò dùn mọ́ ọn.

Òjò Sátidé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣú kó tó rọ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, omi ti ń ṣàn ní parking lot bí odò kékeré. Ọmọ mi kò jẹun láti àárọ̀. Ó fi aṣọ bora lórí àga, ó ní ebi kò pa òun, mo sì rò pé òtútù ni. Nígbà tí mo wá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ń jó. Mo ṣí aṣọ, mo rí bó ṣe ń mí. Ó ń mí kúkúrú kúkúrú, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé èémí máa tán.

Ó ní, “Mummy, my chest.”

Mo ti mọ ohun tí àyà túmọ̀ sí nínú àìsàn yìí. Apá, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, ìrora ni. Àyà kì í ṣe ìrora nìkan. Mo pe 911. Obìnrin tó gbé e kò kánjú, ó ní omi ti bo ọ̀nà púpọ̀, ọkọ̀ ń bọ̀, òun kò lè sọ ìgbà tí yóò dé. Mo wá ọkọ̀ lórí fóònù, kò sí ẹni tó gbà. Mo pọn ọmọ náà bí ọmọ ọwọ́, tòun ti gígùn rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò.

Mo dúró níwájú mọ́tò yẹn. Ata náà ṣì wà níbẹ̀, òjò ń pa á. N kò mọ èyí tí ǹ bá bẹ̀rù nínú méjèèjì, èyí tó wà lẹ́yìn mi tàbí èyí tó wà níwájú mi. Mò ń ka sáàmù, ó ń dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ náà mí sí ọrùn mi, èémí rẹ̀ gbóná, ìyẹn ló ti ẹsẹ̀ mi síwájú. Mo tẹ́ ẹ sí àga ẹ̀yìn, mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Kò tilẹ̀ kérora. Ó ṣe ká, ó dákẹ́.

N kò mọ̀ pé mo ké. Àfi bí bàbá ìsàlẹ̀ ṣe yọ láìwọ bàtà, láìsí agbòjò. Ó na ọwọ́ sókè sí iná inú mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó ní, “O ò ti ilẹ̀kùn yìí dáadáa. Iná yìí ti mu bátìrì tán.”

Àárọ̀ Ọjọ́rú tí mo fa ọmọ sá ni mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo nàka sí iwájú mọ́tò, mo bi í pé ta ló so ìyẹn mọ́bẹ̀.

“Èmi ni,” ló wí, bí ẹni tó ń sọ pé òun ló fa atẹ́gùn sí táyà. “O ti fi òróró tìrẹ sí i. Mo ní kí n fi tèmi kún un, kí ojú burúkú má bàa rí ọmọ náà.”

Kí n má purọ́, ẹ̀rù nǹkan náà kò kúrò lára mi bó ṣe ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n àyè ìtìjú kò sí, àyè àríyànjiyàn kò sí. Ọmọ rẹ̀ ti gbé mọ́tò tiwọn lọ sí ibi iṣẹ́ ní ìlú The Woodlands lọ́hùn-ún. Ó sáré wọlé, ó gbé bátìrì kékeré kan tí wọ́n fi ń jí mọ́tò jáde, ó so wáyà rẹ̀ mọ́ tèmi. Ó ní kí n yí i. Ó jí. Bàbá jókòó tì mí, a gbéra.

Omi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì méjèèjì. Níbi tí ọ̀nà ti gba abẹ́ afárá, àwọn mọ́tò kan ti dúró, wọ́n ń tan iná pupa. Ó ní, “Rọra lọ, má dúró, má tẹ bíréèkì.” Omi ń lu ìdí ọkọ̀ wa, ó ń dún bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ọwọ́ gbá a. Òun ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, èmi ń gbọ́ èémí ẹ̀yìn. Tí n kò bá gbọ́ ọ, mo máa ń pe ọmọ náà, yóò dáhùn hùn-ún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo pè é, kò dáhùn, mo sì ń bá a lọ torí kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Bàbá náà yíjú sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ. Ó ní ó ń mí, kí n má yíjú.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọ́n fi atẹ́gùn sí imú rẹ̀, wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ìrora. Ìgbà tó yá, dókítà jáde wá bá mi, ó ní ó ti ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn, yóò yè é. Ó ní ṣùgbọ́n bí mo bá ti dúró di ọ̀la, òun kò mọ ohun tí òun ìbá sọ fún mi. Ó tẹ̀ lé mi dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó béèrè ìgbà tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀. Mo ní ní ọ̀sán yìí.

Ọmọ mi mi orí. Ó rọra gbé nǹkan tó bo imú àti ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Since yesterday,” ló wí.

Dókítà bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Kò wo dókítà. Èmi ló ń wò, bí ọmọ tó ń retí pé kí ìyá òun yin òun pé òun gbọ́ràn.

“Mummy, ẹ ní ká má wọ car yẹn till Sunday. Mo kàn ń wait ni.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Sunday tó ń dúró dè yẹn, ọ̀la ni.