Pọ́tà Tí Wọ́n Wọ̀n fún Ọkọ Mi

Bí ẹ bá dé Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó dúró sójú kan, tó doríkodò, tó ń fi agboòrùn tí wọ́n ká rọra ti òrombó kan nílẹ̀, tí àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè sí i pé kó yà lójú títì, ẹ má sáré pe ẹnikẹ́ni. Orí rẹ̀ pé. Ọkọ mi ni. Ọlọ́runnísọ̀lá lorúkọ rẹ̀, gọ́ọ̀fù ló ń gbá.

Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ fún mi. Àbíkẹ́ ni mí, télọ̀ ni mí, ẹ̀gbẹ́ oríta Ọjà Igbó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Nígbà tó ń wá mi bọ̀ láti fẹ́ mi, mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ó ní òun ń bá àwọn ọ̀gá gbé báàgì kiri lórí pápá gọ́ọ̀fù tó wà lẹ́yìn ìlú. Mo ní, "Alábàárù ni yín nìyẹn." Ó ní rárá o, kádì ni òun, pé alábàárù kì í gba ẹlẹ́rù nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kádì ló ń sọ fún ọ̀gá pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti apá ọ̀tún, kí wọ́n fi igi báyìí gbá a. Mo ní, "Alábàárù tó lẹ́nu ni yín nígbà náà." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe di ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

Mo máa ń tètè bínú, gbogbo Ọjà Igbó ló mọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbùkún kì í bínú rárá, ohun tó sì ń bí mi nínú jù lára rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti bí Ìbùkúnọlá, tó ti wà ní yunifásítì báyìí, n kò rí i kó gbé ohùn sókè rí. Bí mo bá pariwo tán, á ní, "Ìyá Ìbùkún, ìbínú ò dá nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà." Ẹni tí inú ń bí kọ́ ló yẹ kéèyàn máa pa irú òwe yẹn fún.

Sùúrù yẹn náà ló fi kọ́ gọ́ọ̀fù. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọ̀gá kì í wá sí pápá, àwọn kádì á kó àwọn ògbólógbòó igi tí wọ́n ti pa tì, wọ́n á máa gbá a láàárín ara wọn. Kò sí olùkọ́ kankan níbẹ̀. Ó wò ó, ó gbá a, ó tún un gbá. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wo ọwọ́ àwọn, kó tọ́ àwọn sọ́nà.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n la pápá gọ́ọ̀fù tuntun sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀. Alhaja Sìkírátù, obìnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì, ni alága wọn. Alhaja ní òun ò gba ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí gbogbo kádì tó bá gbójú wá díje, ẹni tó bá gbégbá orókè, òun ni olùkọ́, oṣù-oṣù ni yóò sì máa gbowó.

Nígbà tí mo gbọ́, n kò lè gbé abẹ́rẹ́ mọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Màámi ṣì wà níbẹ̀, nínú ilé bàbá mi tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, àwọn nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn. Wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ rí, ilẹ̀ ni wọ́n sì wà títí tí Raliat, aládùúgbò wọn, fi wá yá garawa. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá wa gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn, kó mọ̀nà ilé. Ọkọ mi ò sì níṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni owó télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wá oníbàárà kò lè bọ́ wa. Nítorí náà, mò ń lọ, mò ń bọ̀ nínú mọ́tò ni, bí fóònù mi bá sì dún ní ìdájí, àyà mi á já. Bí ọkọ mi bá jáwé olúborí, a ó kó relé lọ bá Màámi. Bí kò bá borí, a jẹ́ pé lílọ bíbọ̀ ló kù.

Ìṣòro kan ló wà. Gọ́ọ̀fù, bó ṣe yé èmi, ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan láti òkèèrè, ẹ ó máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí yóò fi súnmọ́ ihò kan. Bó bá ti súnmọ́ ihò, ẹ ó gbé gbogbo igi yòókù jù sílẹ̀, ẹ ó mú ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní pọ́tà, ẹ ó fi rọra tì í wọlé. Láti òkèèrè, kò sí kádì tó lè bá ọkọ mi fà á. Ṣùgbọ́n bó bá ku ìwọ̀nba tí ọmọ ìrákòrò lè fọwọ́ tì wọlé, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá lọ kí ará ibòmíràn. Ìdí tó fi ń ti òrombó káàkiri ọjà nìyẹn.

Ó wá délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní Olúwaníyì ń bọ̀. Mo ní ta ni Olúwaníyì. Ó ní ọmọ Ìbàdàn kan ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọn pọ́tà fún èèyàn. Yóò ní kí ẹ dúró, yóò wo bí ọwọ́ yín ṣe gùn sí àti bí ojú yín ṣe ga sí bọ́ọ̀lù, yóò yà yín sínú kámẹ́rà bí ẹ ṣe ń tì í, yóò wá gé igi náà, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò fi irin sí i lórí títí yóò fi bá yín mu. Nígbà tí ó dárúkọ iye owó rẹ̀ fún mi, owó tí mo ti ń tù jọ láti fi ra máṣíìnì tó ń ká etí aṣọ ni.

Mo ní, "Bàbá Ìbùkún, ṣé igi yẹn fẹ́ ṣègbéyàwó ni tí wọ́n fẹ́ wọ̀n ọ́n?"

Kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ní, "Àbíkẹ́, bí ẹnìkan bá gbé aṣọ wá, tó ní kó o máa rán an lọ láìwọn òun, kí lo máa ń sọ fún un?"

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn, gbogbo ọjà ló gbọ́ ọ rí. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ ra òkìríkà. Mo wò ó, mo wo téèpù tó wà lọ́rùn mi, mo dìde, mo lọ kó owó náà fún un.

Hafeez ò jẹ́ ká gbádùn. Ọmọ Sábó ni, kádì bíi ti ọkọ mi, òun ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó súnmọ́ ọn jù, òun náà sì ń lọ díje. Pọ́tà tirẹ̀, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí lẹ́yìn pápá ló ti ṣà á, rọ́bà kẹ̀kẹ́ ló fi wé ibi tó ń dì mú. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Ìyàwó wa, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi gé igi yẹn, ẹ̀ bá fi ra ewúrẹ́. Ewúrẹ́ á bímọ." Mo ní kó jáde.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni Olúwaníyì wá. Bàbá Ìbùkún lọ, ó sì dé pẹ̀lú ayọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pọ́tà náà dé láti Ìbàdàn, ó ń dán gbinrin. Ó fi kọ́ọ̀bù onírin tí mo fi ń mumi ṣe ihò ní pálọ̀, ó dúró, ó tì í. Ó wọlé. Ó tún tì í, ó tún wọlé. N kò parọ́, inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí máṣíìnì mi máa wà nínú ilé bàbá mi.

Ó gbé e lọ sí pápá, kò wọlé mọ́. Ọjọ́ kejì, kò wọlé. Ó ní bóyá àdúrà ló kù, ó lọ gbààwẹ̀, ebi wá kún un. Ìdíje ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo tẹ̀lé e lọ sí pápá pé kí n fojú ara mi rí i.

Mo rí i. Ó wọ bàtà gọ́ọ̀fù rẹ̀, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tó sì léyín, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jábọ́. Igi náà ò tó o. Ẹni tó bá ti ń rán ṣòkòtò látìgbà tí mo ti ń rán an, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un tí nǹkan bá kúrú. Mo ní, "Ẹ bọ́ bàtà yẹn." Ó bọ́ ọ, ó nàró, ó tì í. Ó wọlé.

Mo ní, "Ọjọ́ tí wọ́n ń wọ̀n yín, bàtà wo lẹ wọ̀?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìsìn ò tètè parí lọ́jọ́ náà. Tààrà láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo lọ. Sùtánà ni mo wọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ lórí koríko. Aládùúrà ni wá, ìjọ aláṣọ funfun. Bí sùtánà bá ti wà lọ́rùn wa, bàtà ò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ wa. Ó ní Olúwaníyì béèrè bàtà, òun sì dá a lóhùn pé òun ò lè fi bàtà ba sùtánà jẹ́, ni ọmọ yẹn bá wọ̀n ọ́n bó ṣe bá a. Ìyàwó tó fẹ́ rán gáùn lọ́dọ̀ mi, bàtà tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà ló máa gbé wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní fọwọ́ kan aṣọ. Ọkọ mi ń rí wọn lójoojúmọ́, wọ́n ń gbé bàtà wọn dání wọlé. Ìbínú ń gùn mí bọ̀, àmọ́ bí a bá ní ká bẹ́ igi, àá bẹ́ni. Mo gbẹ́nu dákẹ́ títí a fi délé, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù.

Olúwaníyì ò lè padà wá kí ìdíje tó dé, owó mìíràn ni wọ́n sì máa fi fa igi náà gùn. Ohun kan ló kù. Bó bá ti dé ẹ̀bá ihò, kó bọ́ bàtà.

Bó ṣe ṣe é ní Ọ̀yọ́ nìyẹn, níwájú gbogbo èèyàn. Á fi bàtà gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, bó bá dé ìdí ihò, á jókòó, á bọ́ bàtà, á bọ́ ìbọ̀sẹ̀, á tì í wọlé, á tún jókòó, á wọ̀ wọ́n padà. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní ìwà àbùkù ni, kí wọ́n lé e jáde. Alhaja Sìkírátù wò ó, ó ní, "Koríko ló tẹ̀, kì í ṣe orí ẹni kankan. Ẹ jẹ́ kó gbá a." Oòrùn Ọ̀yọ́ mú lọ́jọ́ náà, mò ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ mi tó ń pọ́n, n kò mọ̀gbà tí mo bọ́ bàtà tèmi náà.

Àwọn yòókù já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku òun àti Hafeez, ọ̀mì ni wọ́n ta dé ihò tó kẹ́yìn. Ẹni tó fi owó máṣíìnì wọn pọ́tà àti ẹni tó he tirẹ̀ lórí ààtàn, kò sẹ́ni tó fi ohunkóhun ju ẹnì kejì. Hafeez kọ́kọ́ tì í. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ yí etí ihò po, ó dúró síta. Ó wá kan Bàbá Ìbùkún, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò jìnnà ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi sí máṣíìnì mi lọ, ibi tó ti máa ń pàdánù gan-an nìyẹn. Mo ń rí Màámi lójú mi lórí ilẹ̀ balùwẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó dúró pẹ́. Mo di ojú, nítorí náà n kò rí i bó ṣe wọlé, ariwo ni mo gbọ́.

Hafeez ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ló jẹ ẹ́, kì í ṣe igi." Wọn ò tíì yanjú ọ̀rọ̀ yẹn di òní. Ọkọ mi ní wíwọ̀n ló ṣe é, Hafeez ní ìdákẹ́ jẹ́jẹ́ tó máa ń wà lára èèyàn nígbà tó bá ń bọ́ bàtà ni. Wọ́n ní kí n dájọ́. Mo ní èmi télọ̀ ò lè sọ pé kí wọ́n má wọn èèyàn, ṣùgbọ́n n kò lè búra pé owó yẹn kò pọ̀ jù.

Láti pápá, a yà sọ́dọ̀ Màámi. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n rí wa, ojú wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn." A ò tíì jókòó tí wọ́n ti dìde, tí wọ́n ń di ògiri mú lọ sí yàrá. Wọ́n mú ọ̀rá jáde, wọ́n ń bu gàrí àti ẹ̀pà sí i fún wa, wọ́n ń kánjú. Wọ́n ní mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ kì í pẹ́ tán, pé àwọn ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú wa sọ́nà. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀ pé bí mo ṣe máa ń padà lọ ló ń dùn wọ́n.

Mo gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ wọn, mo da gàrí padà sínú ike rẹ̀. Mo ní, "Màámi, a ti ń kó bọ̀ wálé."

Wọ́n ní, "Fún ọjọ́ mélòó?"

Bàbá Ìbùkún ló dá wọn lóhùn. Ó ní, "Màámi, kò níye ọjọ́, a ń bọ̀ wálé pátápátá nìyẹn." Wọ́n rọra padà jókòó.