Omi Ọyàn Tí Kò Wá

Èmi ni ìyálé, òun ni ìyàwó. Ọdún kan náà la bímọ fún ọkọ wa, tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè ní Ọ̀fà nígbà náà. Ìyàwó ló kọ́kọ́ bí obìnrin, ó sì bí i wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì ni mo bí ọkùnrin tèmi, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó dà lára mi lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé mo dákú. Ìyá ọkọ mi ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pààrọ̀ ẹní lábẹ́ mi.

Mo yè, ṣùgbọ́n ọyàn mi kò wú. Wọ́n po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jó ọyàn náà. Ọmọ fà á títí, igbe ló ń ké. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyàwó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ìyálé mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín fún un lọ́yàn. Tara mi yìí tó àwọn méjèèjì."

Mo gbé ọmọ fún un. Kí ni ǹ bá ṣe? Ọmọ gbá ọmú mú, ó ń gbé e mì kíkankíkan, ìyàwó sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wo iwájú búláòsì rẹ̀ tí omi ọyàn ti rin, kí ọkàn mi má gbóná. Nígbà tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rá, á rá kọjá lára mi lọ bá a. Ọmọ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lé lórí!

Ara mi náà ń yí padà. Òtútù ń mú mi lọ́sàn-án gangan. Irun abíyá mi re dànù, nǹkan oṣù mi kò sì padà wá. Mo lè jókòó ti ọlọ kí n sùn lọ. Mo wá sọ ohun tó wà nínú mi fún ìyá ọkọ wa.

"Ẹ wo bó ṣe ń dán. Ó ti gba omi ọyàn mi mọ́ tirẹ̀."

Ìyá dìde, ó wọlé lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú ìyàwó pọ́n fún ẹkún bó ṣe ń fún ọmọ mi lọ́yàn.

Ọmọ ti lé lọ́dún kan nígbà tí mo ṣubú lulẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjàgbó. Ọkọ wa gbé mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ìwádìí nípa irú àìsàn mi. Ó bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí.

"Ìyá, nígbà tí ẹ bímọ, ṣé ẹ̀jẹ̀ pọ̀? Ọyàn yín ńkọ́, ṣé ó ṣe omi?"

Mo bú sẹ́kún. Ó dúró títí mo fi dákẹ́.

"Nǹkan kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ," ó ní, "kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Apá iwájú rẹ̀ ló ń rán họ́mónù káàkiri ara. Họ́mónù yìí ló ń mú kí ọyàn ṣe omi, òun ló ń mú nǹkan oṣù wá. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yín dà nù, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì kú."

"Ẹnì kan kọ́ ló ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe é."

Ó ní òun ń wá obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, tó ń jẹ irú oúnjẹ tí mò ń jẹ, kí òun lè fi tèmi wé tirẹ̀. Ọkọ wa ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ránṣẹ́ sílé. Bí orogún mi ṣe wọ rélùwéè wá bá mi nìyẹn, ọmọ kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́wọ́. Wọ́n fún wa ní bẹ́ẹ̀dì tó fara kanra. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n fún kálukú ní ìgò gàgàrà láti gba ìtọ̀ ọjọ́ kan gbáko sí.

Nígbà tí èsì dé, dókítà na ìka sí ti ìyàwó. "Èyí dára gan-an. Ó pé pérépéré."

Mo kọjú sí ògiri. Àní nínú ìtọ̀, ó jù mí lọ!

Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè fà lára ẹ̀jẹ̀ tèmi fún ìyálé mi?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ, mo sọ fún un láìyíjú padà pé, "Èmi ni mo sọ fún Ìyá pé o gba omi ọyàn mi."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sọ fún mi."

Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró tí mo gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́. Agbára mi padà, òtútù lọ, ṣùgbọ́n mi ò bímọ mọ́. Ìyàwó bí mẹ́ta sí i. Èmi ni mo wẹ gbogbo wọn, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti fẹ́ gbá ọmú mú báyìí, mo máa ń rí nǹkan lọ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Ó mọ̀, kò sì fìgbà kan bi mí pé kí ni mo lọ ṣe.