Ìwé Ìbí Àmínà

A kírun àsùbá nílé ní Ìtẹ̀lé, ilẹ̀ ò sì tíì mọ́ tí a fi bọ́ sí títì. Báàgì wà lọ́wọ́ Sẹ̀fíátù, ìyàwó mi. Èmi ò gbé nǹkan kan, àfi ìbínú tí mo ti ń tọ́jú láti oṣù méjì.

Pobẹ̀ là ń lọ, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti bí ìyàwó mi. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú nígbà tí Àmínà, ọmọ wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ó gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Rìsíkátù, ó sì sọdá wá wáṣẹ́ ní Sango. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike la ti pàdé: èmi ń tún ẹ̀rọ ṣe, òun ń di ọjà sí páálí. Ọdún méje rèé tí mo ti fẹ́ ẹ, Àmínà ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ ìgbà Iléyá nìkan ni ìyá ń rí ọmọ.

Lọ́yà obìnrin kan wà lọ́nà Ilo-Awela tó máa ń ran àwọn àjèjì lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Òun ló bá ìyàwó mi gba káàdì tó fún un láṣẹ láti máa gbé Nàìjíríà. Ó ku ká fi orúkọ Àmínà sí i, kí ọmọ lè wá bá wa gbé, kó sì lọ sílé ìwé níbí. Àṣé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí ìwé ìbí ọmọ dé láti Pobẹ̀, orúkọ Rìsíkátù ló wà níbi orúkọ ìyá. Lójú ìwé, ìyàwó mi ò bímọ rí. Lọ́yà sọ pé ilé ẹjọ́ tọ̀hún nìkan ló lè tún un ṣe, Rìsíkátù fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kọ́ ló bí i. Bí kò bá sọ ọ́, Àmínà ò lè wá. Lọ́yà bá wa kọ̀wé ránṣẹ́, wọ́n dá Ọjọ́bọ̀ fún wa. Ọjọ́rú la gbéra.

Ní Ọ̀tà, ọkọ̀ Idiroko gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Títí dé Àtàn, ọ̀nà ò burú; lẹ́yìn ìyẹn, kòtò gba ìjọba. Níbi gbogbo tí wọ́n bá ti dá wa dúró ni ọwọ́ ìyàwó mi ń lọ sínú báàgì, níbi tí káàdì wà. Mo ní kó fara balẹ̀. Ó ní ẹni tó ti ń gba inú igbó kọjá láti ọjọ́ yìí, ara rẹ̀ ò lè tètè gbà gbọ́. Awakọ̀ gbọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnubodè yẹn la oko bàbá àgbà òun sí méjì: ẹ̀gẹ́ wà ní Nàìjíríà, ọ̀pẹ wà ní Bẹ̀nẹ̀.

Ní Idiroko, ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n yẹ káàdì wò, ó dá a padà, ó ní ká máa lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó mi rìn lọ tààrà, kò bojú wẹ̀yìn títí a fi wọ Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí lórí sẹ́míjàn, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà lọ́hùn-ún nìyẹn. Inú ìgò ni wọ́n ti ń ta bẹntiróòlù lẹ́bàá ọ̀nà, bí a ṣe ń ta epo pupa. Ní Pobẹ̀, mo ra àkàsà, ìyẹn ẹ̀kọ tiwa, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ, ó sì kan díẹ̀. Pẹ̀lú ẹja díndín àti ata lílọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹfà, owó wọn, ni. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì tún ra òmíràn.

Rìsíkátù ń fún epo nígbà tí a wọlé. Ìbínú ò ní kéèyàn má dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Àmínà. Àmínà fúnra rẹ̀ ń pè é ní Ìyá. Àǹtí ló ń pe ìyàwó mi.

Nígbà tí a jókòó tán, mo bi Rìsíkátù ohun tó rí tó fi kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni. Kí ni kí n sọ? Ọmọ àbúrò mi, ọmọ mi ni. Ẹ̀yin náà, ọkọ wa, orúkọ ta ni wọ́n kọ sí ìwé yín nílé ìwé?"

Àbúrò bàbá mi ló mú mi lọ sílé ìwé ní Ìkirè, orúkọ rẹ̀ ló sì wà níbi orúkọ bàbá mi títí dòní. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní òpùrọ́ rí. Ojú tì mí gidi. Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ò bínú, ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ lọ́la ló ń dun òun.

Rìsíkátù ò fẹnu kan oúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní ilé ẹjọ́, Faransé ni adájọ́ ń sọ, ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀. Àmínà jókòó sáàárín àwọn obìnrin méjèèjì. Ògbufọ̀ bi Rìsíkátù bóyá òun ló bí ọmọ yìí. Rìsíkátù wo ọmọ náà. Ògbufọ̀ tún bi í. Ìyàwó mi ti ń sunkún, èmi sì ń rò ó: bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí la máa ṣe?

"Àbúrò mi ló bí i," ni Rìsíkátù wí níkẹyìn. "Ìyá rẹ̀ ni mí."

Ògbufọ̀ wò ó, ó túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ bi í bóyá òun ló tọ́ ọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, adájọ́ kọ̀wé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìwé tó ní òǹtẹ̀ ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, orúkọ Sẹ̀fíátù ló sì wà níbi orúkọ ìyá.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Rìsíkátù di ẹrù ọmọ, ó fi kẹ́ẹ̀gì epo kan sí i. Ó sọ fún ìyàwó mi pé Àmínà ń bẹ̀rù ààrá, pé kì í jẹ ẹyin, pé tó bá dákẹ́ jù, ibà ló ń bọ̀. Ìyàwó mi ń gbọ́ bí ẹni tí wọ́n ń kọ́ níṣẹ́. Rìsíkátù ò sìn wá dé gáréèjì.

Ọ́fíìsì lọ́yà la kọ́kọ́ yà sí. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó pé, òun á fi ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé tèmi fún un, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í tọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù láyè fún. Mo ti lọ kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́, èmi ni mo kọ́gbọ́n bọ̀.

Ìyàwó Mẹkáníìkì ni gbogbo Ìtẹ̀lé ti ń pe Sẹ̀fíátù láti ọdún méje. Bí a ṣe wọ àgbàlá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá tó ń gbé yàrá kejì rí ọmọ, ó sì kígbe pé Ìyá Àmínà, ẹ kú àbọ̀. Ìyàwó mi yíjú padà sẹ́nu géètì, ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àmínà fa ìró ìyàwó mi díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n ń kí."