Ohùn Àṣàkẹ́ Nínú Fóònù

Kò sẹ́ni tí wọ́n bí sí agbo ilé Onígàárì ní Pópó Yemọja tí Àṣàkẹ́ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ó mọ ìyàwó tó bímọ fún ta ni, ó mọ èyí tó kú sórí ìkúnlẹ̀, ó mọ èyí tó lọ Kùmásí tí kò bọ̀ mọ́. Kò kàwé débì kan o. Ata gbígbẹ ló ń tà l'Ọ́jà'ba. Ọkọ kú, ó padà sílé bàbá ẹ̀, sínú yàrá tí wọ́n bí i sí.

Nígbà tí Alhaji Zakariyya, olórí ẹbí, ní ká kọ ìwé ìtàn ilé, ta ni wọn ì bá tún bi? Misbaudeen, ọmọ Alhaji tó jáde pólì, gbé fóònù síwájú ìyá, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìyá ò yọjú sọ́jà. Ta ló ti jókòó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí? Ó wá ń sọ ọ́ kọjá ibi tí wọ́n bi í dé. Ó sọ ti Sàlámì, bàbá tiẹ̀ gan-an: pé ẹ̀yìn ni ìyá Sàlámì pọ̀n ọ́n sí wá láti Ìsẹ́yìn, ọmọ oṣù mẹ́jọ, nígbà tó wá fẹ́ ọkọ nílé Onígàárì. Pé ọkọ náà, bàbá onílé, tọ́ ọ bí ọmọ, ó fún un ní yàrá. Bàbá onílé ni Àṣàkẹ́ rò pé òun ń yìn. Èèyàn a tiẹ̀ máa dákẹ́ nígbà míì.

Ìwé jáde lẹ́yìn Iléyá, ó ń dán yinrin. Àṣàkẹ́ ní kí Karimat, ọmọ-ọmọ ẹ̀, ka ti bàbá òun fóun. Karimat ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. Kò sí Sàlámì. Kò sí Àṣàkẹ́. Gbogbo orúkọ tó fẹnu ara ẹ̀ kà ló pé síbẹ̀, títí kan àwọn tí ò sun ilé yẹn rí.

Tó bá jẹ́ ìwé lásán ni, kò burú. Ṣùgbọ́n Alhaji ti ní ẹni tí bàbá ẹ̀ ò bá sí nínú ìwé kì í ṣe ọmọ ilé, kó gbé yàrá sílẹ̀.

Ni Àṣàkẹ́ bá pinnu láti purọ́. Ó wé gèlè, ó lọ bá wọn nípàdé ọjọ́ Sọ́ńdè.

"Alhaji, mo ṣì í sọ ni. Inú ilé yìí ni wọ́n bí bàbá mi sí. Orí mi ò pé mọ́."

Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń wá bi léèrè, òun ló ń fẹnu ara ẹ̀ sọ pé orí òun ò pé.

Alhaji rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin? Ẹ kì í gbàgbé nǹkan. Misbau, tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́."

Misbaudeen tẹ fóònù. Ohùn Àṣàkẹ́ jáde, ó já gaara: oṣù mẹ́jọ ni ọmọ, aṣọ báyìí ni ìyá fi pọ̀n ọ́n, ẹnu ọ̀nà báyìí ni wọ́n gbà wọlé. Kò kọsẹ̀ níbì kan. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó wẹ̀ fún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́ ló yí i ká. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Misbaudeen ò pa fóònù. Ohùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyá Alhaji, àwọn ìyá tó bí ìyá Alhaji, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfo ẹnì kankan. Àṣàkẹ́ dìde, ó lọ di ẹrù ẹ̀.