Àdúrà Òwúrọ̀ Ìdánwò

Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé àdúrà kì í pọ̀ jù, màá bá onítọ̀hún jà. Mo mọ èyí tó pọ̀ jù. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi ṣe é.

Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní yunifásítì nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ òwò ńlá kan ní Cocody, ní ìlú elédè Faransé tí a ń gbé, ni mo wá fẹ́ wọ̀, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó ti gboyè nìkan ni wọ́n ń gbà. Ìdánwò àbáwọlé rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní concours, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gbà kí ènìyàn ṣe é láyé rẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kejì, ìbáà jẹ́ pé ó pẹ́ dé géètì, ó di ilé. Mo ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ló gbé mi ṣánlẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo Adjamé, àdúgbò wa, ló ti rẹ́rìn-ín tán. Ọ̀gá tó ń múra wa sílẹ̀ fún ìdánwò náà kì í wo iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mi rárá. "Vous, vous êtes nigériane," ni yóò wí, pé ọmọ Nàìjíríà ṣáà ni mí, yóò sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Treichville, nínú ìlú kan náà, ni wọ́n bí mi sí. N kò tíì fẹsẹ̀ kan Nàìjíríà rí. Bàbá mi tó ti Ìgbòho wá, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò ju "gúùdù mọ́níìn" lọ, ọ̀sán gangan ló sì máa ń fi í kí ènìyàn.

Lẹ́yìn tí mo pàdánù, mo bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí n wá olùkọ́. Ó yarí.

"Ọmọ Nàìjíríà ni yóò wá máa sanwó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Kí àwọn ará ìlú wa gbọ́ ọ?"

Kí àwọn ará ìlú wa má baà gbọ́, mo kọ́ ọ fúnra mi. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Adjamé ni yàrá ìkàwé mi. Mo máa ń jókòó sáàárín àwọn abọ́ tánganran, rédíò kékeré létí mi, kí n máa gbọ́ ìròyìn láti Gánà, kí n máa tún un sọ lẹ́nu bí ayékòótọ́. Ìṣirò ìdánwò náà wà nílẹ̀ pẹ̀lú. Tí mo bá ti fẹ́ rí ojútùú ọ̀kan, oníbàárà á dé: "Joli?" Èló ni, lédè Dioula. Á ná an, á fọwọ́ pa á, á gbé e wò nínú oòrùn, kò ní rà. Nígbà tí mo bá fi padà sídìí ìṣirò, ó ti sá lọ. Odidi ọdún kan. Ìbínú ló ń kọ́ mi níwèé, kì í ṣe ọpọlọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìdánwò fi máa dé, mo ń gbọ́ ìròyìn náà já dé òpin, mo tún ń bá oníròyìn jiyàn.

Nígbà tó ku ọ̀la, bàbá mi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní òun ti pe àwọn àgbà ìlú wa kí wọ́n wá ṣàdúrà fún mi láàárọ̀, kí n tó jáde.

"Bàbá, à huit heures ni concours yẹn o, aago mẹ́jọ. Wọ́n máa ń ti géètì."

"Six heures ni wọ́n á dé, aago mẹ́fà géérégé. Àbí àdúrà lo fẹ́ kọ̀?"

Ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Wọ́n dé lásìkò, kí n má purọ́ mọ́ wọn. Ìyá mi ti dín àkàrà sàráà. Mo kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, báágì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láàárín àwa ọmọ Ìgbòho, ẹni tí àgbà bá ń ṣàdúrà fún kì í dìde títí wọn ó fi ní kó dìde, àgbà kan kò sì ní gbàdúrà kí èkejì dákẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kárí, láti orí ẹni tó dàgbà jù. Pálọ̀ sì kún.

Ẹni àkọ́kọ́ ṣe é dáadáa, ó dárúkọ ìwé. Ẹnì kejì bọ́ sórí ẹrù rẹ̀ tó há sí ẹnubodè. Ẹnìkan bẹ Ọlọ́run nítorí ìrìn-àjò Mẹ́kà, ẹnìkan nítorí àwọn ọlọ́pàá tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ní ibùdókọ̀ Abobo Gare. Bàbá kan tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ní kí ìwé má ṣe jẹ́ kí n pẹ́ nílé bàbá mi, kí ọkọ rere tètè rí mi. Àmín tí wọ́n ṣe sí ìyẹn, díẹ̀ ló kù kó ṣí òrùlé. Mo ń wo aago ọwọ́ ẹni tó wà níwájú mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sept heures ti kọjá, aago méje ti lọ."

"Jẹ́ẹ́!" ni bàbá mi wí. "Nítorí tìẹ ni gbogbo wọn ṣe ti ṣọ́ọ̀bù."

Ìyá mi wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ó sì wolẹ̀. Títí dòní ni mo ń bi ara mi pé kí ló dé tí kò la ẹnu.

Nígbà tí wọ́n fi ní kí n dìde, ẹsẹ̀ mi ti kú. Mo wọ́ ọ jáde, mo já wọ takisí. Nígbà tí mo dé Cocody, wọ́n ti ti géètì. "On a distribué les sujets," ni ẹ̀ṣọ́ wí. Wọ́n ti pín ìbéèrè. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ọ̀gá kan fi jáde. Ó béèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́.

"Ah, Anango! Le commerce, vous connaissez déjà ça, non?" Àwa ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ṣáà ti mọ òwò ṣe, kí la tún ń wá? Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Ká ní ọwọ́ mi tó o láàárín irin géètì yẹn ni, inú ẹ̀wọ̀n ni ǹ bá ti kọ ìtàn yìí.

Nígbà tí mo délé, àwọn àgbà ṣì wà nídìí àkàrà. Inú wọn dùn láti rí mi. "O ti ṣe tán? Ẹ ò rí i bí àdúrà ṣe ń ṣiṣẹ́!"

N kò kúnlẹ̀ kí wọn.

"Wọn ò jẹ́ kí n wọlé," ni mo wí. "Ẹ pẹ́ jù. C'est fini. Mi ò lè ṣe é mọ́ láéláé."

Mo ń retí kí ẹnìkan sọ pé àwọn ṣe àṣìṣe, tàbí kó kàn sọ pé "pẹ̀lẹ́" lásán. Àgbà pátápátá nínú wọn nu òróró ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Bóyá aburú kan ló wà níbẹ̀ tí Ọlọ́run gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run á fi èyí tó sàn jù rọ́pò."

Mo wo bàbá mi. Nítorí kí ojú má baà tì í ni mo ṣe jókòó sáàárín abọ́ rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ohùn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ jáde:

"Àmín."

Mo ti dárí ji àwọn àgbà yẹn. Púpọ̀ nínú wọn ti wà ní sàréè. Bàbá mi náà ti kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo sì sunkún gidi, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà fún un, gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Èmi kò ṣe é.