Ẹni Tó Ń Dúró De Ìkúnlẹ̀ Màmá

Ọ̀sán ọyẹ́ ní Ṣakí máa ń dákẹ́ lọ́nà kan tí mi ò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Eruku á bo ewé dóńgóyárò títí gbogbo rẹ̀ á fi dà bí eérú, àwọn ará ilé á ti lọ sóko, páànù orí ilé nìkan ni èèyàn á máa gbọ́ tó ń ró pàkà, pàkà, nínú oòrùn. Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń dé ọ̀dọ̀ màmá kan tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní ilé ìwòsàn kan nílùú náà.

Abẹ́òkúta ni mo ti wá. Ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì ni bí a ṣe ń kọ́ ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ eegun fún ní ìrìn padà, ṣùgbọ́n "nọ́ọ̀sì" ni gbogbo Ṣakí ń pè mí. Ó máa ń dùn mí. Màá dúró lójú títì, màá ṣàlàyé fún ẹni tó kí mi pé èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, á gbọ́ mi tán pátápátá, á ní, "Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì." Mi ò rò nígbà náà pé ohun kan wà lára ọmọ èèyàn tí ìwé mi ò dárúkọ.

Màmá yìí jábọ́ látorí ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tó ń ti ọjà Ìjió bọ̀, oríkèé ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún sì fọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Àwọn dókítà yọ orí eegun itan tó fọ́ náà, wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé, èmi ni wọ́n ní kí n máa lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Tí kò bá rìn, ẹsẹ̀ náà á gan, orí ibùsùn ni yóò sì wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Àmọ́ òfin wà fún un. Kò gbọdọ̀ jókòó sórí àpótí kékeré, kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ títí oṣù mẹ́ta á fi pé, kí irin náà má baà yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Orí àga ló ti ń kírun.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dára. Ó ń na ẹsẹ̀ lórí ibùsùn bí mo ṣe kọ́ ọ, ó ń di irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a fún un mú, ó ń rìn dé àárín yàrá. Tó bá ti dé àárín yàrá, á dúró. Kò ní sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo le mọ́ ọn, kò yí ìpinnu padà. Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyáálé mi ló dúró síbẹ̀ yẹn."

Mo yíjú. Kọ́tìnì nìkan ni mo rí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi níta pé ìyáálé náà ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn méjèèjì jọ gbé agbo ilé yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbára wọn sọ̀rọ̀. Màmá kò kúnlẹ̀ kí i rí, kódà lọ́jọ́ tí ìyáálé náà ń kú lọ. Mo sọ fún ọmọ náà pé oògùn ìrora ló ń fa irú ìran bẹ́ẹ̀, mo ní kí wọ́n dín in kù. Wọ́n dín in kù. Ìyáálé kò lọ.

Òórùn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Òrí ni ìyáálé náà ń ṣe tà nígbà ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ka ìṣísẹ̀ fún màmá, òórùn òrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná gba gbogbo yàrá, nínú ọyẹ́, nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣe òrí ní gbogbo àdúgbò. Kọ́tìnì wú wọnú yàrá díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi èjìká tì í. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, mò ń kà á lọ, ṣùgbọ́n mo ti fo ẹẹ́fà.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ rẹ̀ ti lọ pọnmi nígbà tí mo dé. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn màmá: "Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ wá kúnlẹ̀." Mo sáré. Bí mo ṣe gba kọ́tìnì kọjá, òtútù kan bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Màmá wà ní ìṣísẹ̀ méjì sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀.

"Màmá! Ẹ má kúnlẹ̀!"

"Nọ́ọ̀sì, kúrò lọ́nà. Ó ti dúró pẹ́ jù. Kò bínú mọ́, ó kàn fẹ́ kí n kí òun ni."

"Irin yẹn á yọ!"

"Kó yọ."

Mo dì í mú lábẹ́ apá. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ léjìká mọ́lẹ̀. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí mi lẹ́nu. "Ẹ jẹ́ kí èmi bá yín kúnlẹ̀," mo ní. "Ẹ di ògiri mú, kí ẹ fi ẹnu kí wọn. Èmi á fi orúnkún kí wọn."

Ó wò mí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú, mo sì fi í sílẹ̀. Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà tí kò sí ẹnikẹ́ni, èmi ọ̀mọ̀wé, nínú aṣọ iṣẹ́ mi funfun, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Lókè orí mi, màmá sọ pé, "Ẹ káàsán, ìyáálé mi. Ẹ má bínú."

Òórùn òrí náà ki débi pé mò ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bà lé àtàrí mi, ó rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Ó wà níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí àgbà fi ń súre fún ọmọ tó kí i. Kọ́tìnì rọlẹ̀. Nígbà tí mo dìde tí mo fọwọ́ kan irun mi, ó ń yọ̀ bí èyí tí wọ́n fi òrí pa.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni màmá rìn gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó dé abẹ́ igi dóńgóyárò, kò dúró. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń fi rìn. Kí n tó kúrò ní Ṣakí, ó ti tún ń lọ Ìjió. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì? Ó ronú títí. "Ọmọ mi," ó ní, "mo wá a wá a, mi ò rí i mọ́."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ilé ìwòsàn ni pé aláìsàn ti borí ìbẹ̀rù rẹ̀, mi ò sì sọ ìyókù fún ọ̀gá mi kankan. Lóṣù tó kọjá, dókítà sọ fún mi pé orúnkún mi òsì ti jẹ tán, irin ni wọ́n máa fi sí i. Iṣẹ́ abẹ náà kò bà mí lẹ́rù, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú kan àwọn àgbà tí a jọ ní gbólóhùn asọ̀ tí wọ́n sì ti kú. Mò ń rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo ṣì lè kúnlẹ̀.